Ọ̀nà Ajah: Níbi tí Iyanrìn ti Ń Kọ́ Ọmọ ní Bọ́ọ̀lù

Bí a bá dárúkọ Lekki lónìí, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ilé alájà púpọ̀, ọgbà tí a fi géètì tì, àti iye owó tí wọ́n ń ta pùlọ́ọ̀tì kan. Èmi kò ní pùlọ́ọ̀tì níbẹ̀, n kò sì lọ ra. Ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín yìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni ó gbé mi dé ibẹ̀, ohun tí mo sì rí ju ohun tí mo lọ wò lọ.

Ọbalẹ́ńdé ni mo ti wọ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ igbe àwọn kọ̀ńdọ́: "Ajah! Ajah! Jákàńdè, Ajah!" àfi bí ẹni pé ìlú náà fẹ́ sá lọ kí a tó dé ibẹ̀. Dáńfó wa la Erékùṣù Fikitóríà kọjá, ó dé ibi géètì tólù tí ọ̀rọ̀ 20 October 2020 mú kí gbogbo ayé mọ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti nà lọ sí ìhà ìlà oòrùn títí dé Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì, òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ilẹ̀ tóóró ni ó wà láàárín wọn bí ọmọ tí ó sùn sáàárín bàbá àti ìyá. Bí ẹ bá rí ilẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀, ẹ má yára gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àbàtà tẹ́lẹ̀. Iyanrìn ni wọ́n fà láti inú omi tí wọ́n fi dí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iyanrìn yìí sọ́kàn o, a óò padà dé orí rẹ̀.

Kí ó tó di Lekki àwọn olówó, Màrókò wà ní ìtòsí ibẹ̀. Ní oṣù July 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Raji Rasaki, wó Màrókò palẹ̀, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Díẹ̀ nínú wọn ni wọ́n kó lọ sí ilé ìjọba ní Ìlàsàn àti Ìkọ̀tá. Ẹni tí a bá lé kúrò nílé, ìkòkò ọbẹ̀ àti ẹní ni ó máa ń gbé sá, kì í rí pápá bọ́ọ̀lù gbé dání. Mo rántí èyí bí a ti ń kọjá Ìkátẹ̀, Jákàńdè, Àgúngì, àti ọgbà igbó ńlá tí ó ní afárá orí igi tí ó gùn tó mítà 401. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ibi tí wọ́n ti hú ráúndàbáọ̀tù kúrò láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn kọ̀ńdọ́ ṣì ń pè é ní ráúndàbáọ̀tù. Èkó kì í gbàgbé orúkọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó fi tẹlifóònù ránṣẹ́ sí mi. Ọkọ rẹ̀ ń ta símẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé ní Ajah, Ọlọ́run sì ń bá a ṣe é. "Àbúrò mi," ni ó wí, "ìwọ tí o jẹ́ géèmù máásítà, wá bá wa dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí." Ọmọ náà jẹ́ ọdún 12, ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni. Bàbá rẹ̀ ń san owó táàmù fún un ní ọ̀kan nínú àwọn pápá olókoríko rọ́bà tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì yí ká, níbi tí kóòṣì ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Sátidé. Kóòṣì fi í sí ọwọ́ ẹ̀yìn lápá òsì, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ kọjá ìlà àárín pápá. Ọmọ kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mú un jókòó sórí bẹ́ńṣì. Láti ọjọ́ náà, ó ní òun kò lọ mọ́. Bàbá ní owó òun kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ìyá ní kí wọ́n kúkú jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù, kí ó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe tíṣà.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ afárá Ajah, èyí tí wọ́n ṣí ní 2017. Lábẹ́ afárá náà, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọkọ̀ Badore, ọkọ̀ Sangotedo, alágbàrù, oníṣu, gbogbo wọn ń du ojú ilẹ̀ kan náà. Mo dúró mu omi tútù ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin oníṣòwò bá mi wò dáadáa.

Obìnrin kan ń ta ata àti tòmátì. Ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ dé lójijì, ó fò dìde, ó sáré lọ. Kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Èyí tí ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sún àpótí rẹ̀ díẹ̀, ó ń fi ojú kan wo ẹja, ó ń fi ojú kejì wo ata. Nígbà tí oníbàárà ata dé, ó dìde lọ tà á. Elẹ́fọ̀ọ́ tí ó wà lápá kejì sì na ọwọ́ lé eṣinṣin lórí ẹja fún un. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n sún, ẹnu ẹnikẹ́ni kò là. Olẹ́ja mọ iye tí wọ́n ń ta ata, ó mọ ibi tí owó ìyẹn wà, ó sì bu èènì fún oníbàárà bí ẹni pé ọjà tirẹ̀ ni. Nígbà tí aláta padà dé, oníkálukú padà sí àyè rẹ̀. Mo wo èyí, mo sọ fún ara mi pé bí mo bá dé ilé, mo mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà mú mi lọ sí ibi tí ó ń sá lọ. Ó wà ní ìhà ẹ̀yìn Abraham Adesanya, ẹ̀sítéètì tí wọ́n fi orúkọ àgbà agbẹjọ́rò ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó nì sọ. Ilẹ̀ olówó kan ni, tí wọ́n ti fi iyanrìn dí, tí wọn kò tíì kọ́ nǹkan sí. Iyanrìn náà funfun, ó jin, ó ń jó ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà níbẹ̀ tó 30. Mọ́ńkì pósìtì ni wọ́n ń gbá: òkúta méjì lápá ìhín, òkúta méjì lápá ọ̀hún, kò sí aṣọ́lé. Márùn-ún sí márùn-ún ni wọ́n ń gbá a, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀tì. Sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá jẹ ní góòlù méjì a jáde, òmíràn a wọlé, bí o bá sì jáde, o lè dúró fún wákàtí kan kí ó tó tún kàn ọ́. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù kàn án lẹ́sẹ̀, ó wo iwájú, ó rí i pé àyè ṣí sílẹ̀, ó gbé e lọ. Bí ó ti ń lọ, ọmọ kan tí ó sanra, tí ó wọ sílípáàsì kan ṣoṣo, tí gbogbo wa rò pé ó ń ṣeré ni, ti rọra sún padà dúró níwájú òkúta méjèèjì. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọmọ wa. "Kọ́fà! Kọ́fà!" ni igbe tí ó sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe kọ́fà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Ó gbà á, ó ti í sí ọ̀tún, àwọn méjì tí ó wà níwájú ti pààrọ̀ ọwọ́, bọ́ọ̀lù sì ti wọ àárín òkúta méjì kí n tó mọ ẹni tí ó gbá a. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí ẹni tí kò dé ẹ̀yìn, kò sí ẹni tí kò dé iwájú. Àwọn márùn-ún péré ni wọ́n. Bí ẹnìkan bá sọ pé ẹ̀yìn nìkan ni iṣẹ́ òun, sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò jáde lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe lórí iyanrìn, àwọn ọlọ́gbọ́n bọ́ọ̀lù ayé pẹ́ kí wọ́n tó gbà á. Nígbà tí Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ di dandan ní 1939, nọ́ńbà náà dà bí àdírẹ́sì ilé. Nọ́ńbà 2 ń gbé ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, nọ́ńbà 11 ń gbé iwájú lápá òsì, ẹni tí ó bá sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ jẹ̀bi. Àwọn ará Hólándì ni wọ́n fọ́ òfin yẹn tí gbogbo ayé fi rí i. Ní ìparí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní Munich, 7 July 1974, wọ́n ta bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, wọ́n ń gbé e kiri láàárín ara wọn. Johan Cruyff, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú, sún padà wá gbà á ní ẹ̀yìn gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé e wọ inú ilé Jámánì, wọ́n gbé e ṣubú, Neeskens sì gbá pẹnáritì náà wọlé. Nígbà tí aṣọ́lé Jámánì mú bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n ni ọmọ Jámánì kankan kọ́kọ́ fi ara kan bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí n má tan yín jẹ: Jámánì ni ó gba ife náà, 2 sí 1.

Ọmọ Hólándì ni Clemens Westerhof tí ó wá kọ́ Super Eagles ní 1989. Ọmọ Hólándì náà ni Jo Bonfrere tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀, tí ó sì kó àwọn ọmọ wa lọ sí Olympics ní Atlanta ní 1996. Ìran tí ó jù mí lọ máa ń sọ̀rọ̀ ọdún náà bí ẹni ń sọ ìtàn ogun. Bùràsílì fi 3 sí 1 ṣíwájú wa kí a tó lọ sinmi. Okocha pàdánù pẹnáritì. Ikpeba dá ọ̀kan padà, Kanu dá òmíràn padà nígbà tí eré fẹ́ parí, ó sì gbá èyí tí ó fi òpin sí i nínú àfikún àkókò. Lẹ́yìn náà a na Ajẹntínà ní 3 sí 2, a gba wúrà. Gbogbo ènìyàn ni ó rántí ẹsẹ̀ Okocha àti gígùn Kanu. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n ń rántí Sunday Oliseh tí ó ń dúró lẹ́yìn Okocha, tí ó ń ṣọ́ àyè tí ìyẹn bá fi sílẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn onídùndún. Ìyáàlù lè sọ̀rọ̀ bí ó ṣe wù ú, kí ó ki ọba, kí ó bú olówó, nítorí pé gúdúgúdú kò yẹsẹ̀. Ọjọ́ tí gúdúgúdú bá fẹ́ máa kini, agbo tú.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Ivory Coast ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ní eré àkọ́kọ́, ẹni mẹ́rin ni José Peseiro tò sẹ́yìn, a sì gbá ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú Equatorial Guinea. Fún eré kejì, ó tú ilé náà, ó tún un kọ́. Ó fi Ajayi, Troost-Ekong àti Bassey sí àárín ẹ̀yìn, àwọn mẹ́ta. Ó wá ní kí Ola Aina lápá ọ̀tún àti Zaidu Sanusi lápá òsì máa lọ sókè, kí wọ́n sì máa bọ̀. Bí a bá ń dáàbò bo ilé, ẹni márùn-ún ni yóò wà lẹ́yìn. Bí a bá ń lọ, mẹ́ta péré ni. A na Ivory Coast, Guinea-Bissau, Kamẹrúùnù àti Angola, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí góòlù kan gbá wọlé wa. Ademola Lookman, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, gbá méjì wọlé Kamẹrúùnù àti ọ̀kan wọlé Angola. Ẹ ṣàkíyèsí apá òsì yẹn o. Zaidu Sanusi wà níbi tí kóòṣì fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sí gan-an, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni pé kí ó kọjá ìlà àárín pápá!

Ní àárọ̀ Sátidé mo tẹ̀lé bàbá ọmọ lọ sí pápá olówó náà. N kò fẹ́ bú kóòṣì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ ti há. Ọmọ 28 ni wọ́n kó fún un, ó ní wákàtí kan péré kí àwọn mìíràn tí wọ́n sanwó tó gba pápá, àwọn òbí sì dúró lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pariwo, oníkálukú fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ gbá góòlù. Bí kò bá so ọmọ mọ́lẹ̀, gbogbo wọn yóò rọ́ tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bí adìyẹ tí a da àgbàdo sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé èmi náà ń kọ́ kíláàsì tí ó kún. Ṣùgbọ́n mo wo ojú àwọn ọmọ náà. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ sí ọ̀tún, àwọn ti òsì a fi ọwọ́ sí ìbàdí, wọ́n a máa wo ọkọ̀ tí ń kọjá. Iṣẹ́ wọn ti parí nìyẹn títí bọ́ọ̀lù yóò fi padà wá.

Ní alẹ́, lẹ́yìn tí a jẹ ẹ̀bà tán, àna mi gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń bọ̀wọ̀ fún mi jù bí ọjọ́ orí mi ti tó lọ, nítorí pé mo jẹ́ ará ilé ìyàwó rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, èmi kò mọ bọ́ọ̀lù púpọ̀, símẹ́ńtì ni mo mọ̀. Bí mo bá fi ọmọ iṣẹ́ sí ẹnu géètì pé kí ó máa ka àpò, tí mo wá bá a níwájú tábìlì tí ó ń bá oníbàárà ná ọjà, ṣé ẹ rò pé n óò rí oorun sùn?"

Mo ní, "Bọ̀dá, ta ni ń ta ọjà nígbà tí ẹ bá lọ kí Jímọ̀?"

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ẹnu géètì náà ni."

"Ẹ wá rí i!"

"Rárá o, Tíṣà, ẹ má tíì yọ̀. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Kóòṣì yẹn kò ṣe ju ohun tí mo ṣe lọ. Ẹ sì wo Super Eagles tí ẹ ń yìn lójú mi láti àárọ̀: ṣé wọ́n gba ife náà?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ní ọjọ́ ìparí, 11 February 2024, Troost-Ekong kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọlé fún wa, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ wa fà sẹ́yìn, tí àwọn márùn-ún ẹ̀yìn di márùn-ún lóòótọ́ tí wọn kò sì jáde mọ́. Ivory Coast gba apá òsì wọn wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó di 2 sí 1. Lójú tèmi, ohun tí ó pa wá ni pé a padà lọ gbé ní àdírẹ́sì wa. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo tún sọ fún un pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní Dublin, Lookman kan náà gbá góòlù mẹ́ta fún Atalanta sínú ilé Leverkusen tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà ní gbogbo sáà náà, bẹ́ẹ̀ apá ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń fi í sí tẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kóòṣì rẹ̀, Gasperini, ni ó sún un wọlé sí ìtòsí àwọ̀n, ó ní kí ó máa wá àyè fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ ìtàn aláta àti olẹ́ja fún un. Olẹ́ja kò lè ta ata bí kò bá mọ iye rẹ̀. Ibi tí ọmọ yìí ti ń mọ iye ata ni orí iyanrìn ẹ̀yìn Abraham Adesanya; ibi tí yóò ti mọ bí a ti í pa àyè rẹ̀ mọ́ ni pápá olówó. Ọmọ ọdún 12 nílò méjèèjì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún 14, iyanrìn ni n óò mú.

Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń palẹ̀ àwo mọ́ ní òun kò gbọ́ ibi tí a ti dárúkọ ìwé nínú gbogbo èyí. A wá jọ fi ẹnu kò pé bí èsì ìdánwò bá lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò sinmi fún táàmù kan.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àna mi lọ bá kóòṣì fúnra rẹ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Kóòṣì gbà pé òun yóò máa yí àwọn ọmọ padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ti ẹ̀yìn lọ sí iwájú, kí ti iwájú mọ bí ẹ̀yìn ti ń rí. Ó ní ohun tí òun náà ń fẹ́ nìyẹn, àwọn òbí ni kì í jẹ́. Ọmọ ní òun yóò lọ ní Sátidé, bí wọ́n bá jẹ́ kí òun máa lọ sí orí iyanrìn ní Túsìdè àti Tọ́sìdè.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni ti iyanrìn náà. Nígbà tí mo lọ kí wọn pé ó dìgbà kan ná, típà méjì ti da òkúta sí igun kan pápá, àwọn ọmọ sì ti sún mọ́ńkì pósìtì wọn sí apá kejì. Ní etí òkun náà, láti 2024 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tí yóò gùn tó 700 kìlómítà láti Èkó dé Calabar, iyanrìn tí kò ní ilé tàbí ọ̀nà lórí ti dín kù. Mo bèèrè lọ́wọ́ àna mi bóyá ó mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ ẹ̀yìn Abraham Adesanya. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ìwé ọ́dà kan hàn mí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ra símẹ́ńtì ilé náà, àpò 600. Wọn kò tíì san ju ìdajì owó lọ, kò sì tíì gbé ẹyọ àpò kan fún wọn. Bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ níbẹ̀ ní ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ padà.